Eégún Ńlá Inú Sinimá

Ní ọdún 2024, èmi àti ọmọbìnrin mi lọ wo sinimá kan ní ìlú Ìbàdàn yìí. Godzilla x Kong: The New Empire ni orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ní kí n máa ka àbùkù rẹ̀ ní oókan, ilẹ̀ yóò ṣú. Ìnàkí kan wà nínú rẹ̀ tí ó ga ju ilé alájà púpọ̀ lọ. Eyín ń dun ìnàkí náà, oníṣègùn ẹranko kan sì bá a yọ èyí tí ó bàjẹ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹranko kejì, tí ó dà bí agílíńtí tí ó dàgbà di òkè, lọ ká jọ sínú gbàgede Colosseum ní ìlú Róòmù, ó sùn síbẹ̀ bí ajá tí ó sùn sínú agbọ̀n. Àwọn méjèèjì tún lọ wọ̀yá ìjà lẹ́bàá àwọn pírámíìdì ilẹ̀ Íjíbítì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí á mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, ẹnì kan yóò kàn dúró, yóò máa rò ó fún ẹnì kejì tí ó yẹ kí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo gbádùn sinimá náà dé góńgó. Mo rẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́, mo sì kígbe níbi tí gbogbo èrò ti kígbe. Nígbà tí a jáde, ọmọ mi, tí òun náà ń kàwé ní yunifásítì, wò mí títí, ó ní: “Dádì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ìtàn wọn kò bá so kọ́ra, ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún irú èyí?” N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àròkọ yìí ni èsì mi. Kí ó tó lè yé òun àti ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ní láti mú yín padà sí Bẹyẹrunkà, ní àdúgbò tí wọ́n gbé bí mi.

Bàbá tí ó bí ìyá mi lọ́mọ, ọ̀jẹ̀ ni. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ eégún alárè rìn láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ń pidán, wọ́n ń jó, wọ́n ń kéwì, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ òǹwòran. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, ó ti di arúgbó tí ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé, tí ń wo àwọn tí ń ti Ọjàa’ba bọ̀. Ní ọdún 1980, àbúrò ìyá mi ọkùnrin kan mú èmi àti bàbá àgbà yìí lọ sí ilé sinimá kan ní Ẹkọ́tẹ̀dó. King Kong tí wọ́n ṣe ní ọdún 1976 ni wọ́n ń fi hàn lọ́jọ́ náà. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Bàbá kò tí ì wo sinimá olóyìnbó rí.

Nígbà tí ìnàkí náà ya igi sọ́tùn-ún, tí ó ya igi sósì, tí ó yọ gànnàkù láàrin igbó, gbogbo ilé sinimá mì tìtì. Èmi bo ojú mi. Bàbá kò mira. Ó rọra tẹ̀ sí etí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gidigidi nítorí pé àwọn obìnrin jókòó sẹ́yìn wa, ó ní:

“Ta ni ó wọ̀ ọ́?”

Mo ní: “Kò sí ẹni tí ó wọ̀ ọ́, Bàbá. Ẹranko ni.”

Ó ní: “Wo orúnkún rẹ̀ dáadáa. Ènìyàn ni ó wà nínú ẹ̀kú yẹn. Ó gbọ́ iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ooru ń mú un.”

Inú bí mi. Ó dà bí ẹni pé ó fa aṣọ ìran náà ya mọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìran náà dé òpin, tí wọ́n yin ìnàkí náà níbọn ní orí ilé gíga ìlú New York, tí ó já bọ́ sílẹ̀ tí ó kú, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá ni. Ó ń fi etí agbádá rẹ̀ nu ojú. Bí a ti ń bọ̀ nílé, mo bi í léèrè pé ṣebí òun ni ó ní ènìyàn ni ó wọ̀ ọ́. Ó ní: “Èmi náà ti wọ̀ ọ́ rí. Ṣé nítorí pé mo mọ̀, kí n má sunkún?”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá sọ. Àwọn tí ó ṣe sinimá náà ti kéde káàkiri ayé pé àwọn ti kan ìnàkí onírin kan tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 40, tí yóò máa rìn, tí yóò máa jà. Carlo Rambaldi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó darí iṣẹ́ náà. Owó ńlá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n irin náà kò gbọ́ràn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni a rí i nínú gbogbo sinimá náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rick Baker ni ó wọ aṣọ onírun, tí ó rìn, tí ó jà, tí ó sì kú fún wa. Ojú apidán kan láti Bẹyẹrunkà ni ó tú àṣírí rẹ̀, láìka ìwé ìròyìn kankan.

Báwo ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe di ti bàbá? Kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ìtàn Ọ̀yọ́ tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ fún wa nípa Aláàfin Abípa, ẹni tí ó fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wá abuké, arárá, àfín, adẹ́tẹ̀ àti àwọn mìíràn tí ìrísí wọn ṣàjèjì, wọ́n rán wọn lọ sí orí òkè ibẹ̀ ní òru, kí wọ́n máa ké, kí wọ́n máa tan iná, kí àwọn ìránṣẹ́ ọba lè gbà pé iwin ni ó ni ilẹ̀ náà. Àṣírí tú sí ọba lọ́wọ́. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n kó gbogbo iwin náà wálé láàyè. Ọba kò bínú sóde. Ó se àsè, ó pe àwọn ìjòyè, ó sì ní kí àwọn iwin wọ̀nyí máa gbé ọtí fún àwọn ọ̀gá tí ó rán wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, ọba tí ó mú iwin. Àwọn onímọ̀ eré orí ìtàgé, pàápàá Joel Adédèjì, tọ́ka sí ìtàn yìí bí wọ́n bá ń wá orísun eégún alárè. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ọba tí ó mọ ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú kò ba eré jẹ́. Ó kàn gbé eré náà wọ ààfin ni.

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin sì ní kí àwọn eégún alárè dá a lára yá. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Òjòlá kan jáde, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Aṣọ tí a kùn ní ọ̀dà ni awọ rẹ̀. Clapperton ṣàkíyèsí pé ikùn òjòlá náà ti sanra jù, ó sì fura pé ọwọ́ ènìyàn méjèèjì ni ó ń ya ẹnu rẹ̀, tí ó ń pa á dé. Síbẹ̀, ó gbà pé bí ènìyàn bá sún sẹ́yìn díẹ̀, òjòlá gidi ni. Lẹ́yìn èyí ni eégún mìíràn jáde: òyìnbó! Ó funfun, ó tín-ín-rín, òtútù ń mú un, kò sì lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ dáadáa. Àwọn òǹwòran ń wo eégún, wọ́n ń wo Clapperton, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ṣe bí ẹni pé ó dùn mọ́ òun bí ó ti dùn mọ́ wọn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará rẹ̀ sá wá sí gúúsù. Ìbàdàn, tí ó ti di ibùdó àwọn jagunjagun láti nǹkan bí ọdún 1829, gba púpọ̀ nínú wọn mọ́ra. Ọ̀jẹ̀ wà lára wọn. Báyìí ni òjòlá aláṣọ ṣe dé Ọjàa’ba àti Bẹẹrẹ. Bàbá sọ fún mi pé kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó tán ní ọdún 1929, àti lẹ́yìn náà pẹ̀lú, àwọn alárìnjò a máa pidán ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ìlù bàtá yóò máa dún, ènìyàn yóò sì há gádígádí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìyàtọ̀ níhìn-ín kí n má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ará Ìbàdàn mọ̀ pé eégún ilé yàtọ̀ sí eégún alárè. Olóòlù kì í ṣe eré. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Alápáńsánpá bá jáde, ọmọ ìyá àgbà yóò wá ibi forí pamọ́ sí. Eégún alárè ní tirẹ̀, owó ni à ń san kí á tó rí i kí ó dẹ́rù bà wá. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń sá fún, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń sáré tọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dàgbà sí àárín àwọn méjèèjì yóò ní ojú méjì: ojú kan ń rí aṣọ, ojú kejì ń rí òjòlá. Kò sì sí èyí tí ó ń fọ́ èkejì.

Ojú méjì yìí ni mo gbé lọ bá ìtàn àwọn ẹranko ńlá inú sinimá òyìnbó. King Kong àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1933. Ère kékeré tí kò ga ju nǹkan bí íǹṣì 18 lọ ni Willis O’Brien fi ṣe é; irun ehoro ni wọ́n fi bò ó, wọ́n ń sún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìka òṣìṣẹ́ bá ti kan irun náà, yóò yí padà. Nítorí náà bí a bá ń wo sinimá náà lónìí, a ó rí i tí irun ìnàkí ń mì láìsí atẹ́gùn. Àbùkù ni. Ṣùgbọ́n ojú àwọn òǹwòran kan rò pé ìbínú ni ó ń mú irun ẹranko náà dìde. Ọwọ́ alágbẹ̀dá ni wọ́n rí, wọ́n pè é ní ẹ̀mí.

Godzilla ní tirẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Jàpáánì ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1954. Gojira ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Orúkọ ìnàkí àti orúkọ àbùùbùtán ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ishirō Honda ni olùdarí rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é: Haruo Nakajima wọ inú ẹ̀kú kan tí ó wúwo tó nǹkan bí 100 kílò, ó ń tẹ àwọn ilé kéékèèké mọ́lẹ̀ lábẹ́ iná tí ó gbóná janjan, kò sì lè pẹ́ nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní ti igbe ẹranko náà, wọ́n tú okùn gòjé ńlá kan, wọ́n sì fi ìbọ̀wọ́ awọ tí a fi oje igi ra ha okùn náà. Kí ni èyí bí kì í ṣe eégún? Ènìyàn wà nínú ẹ̀kú, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ènìyàn, àwọn òǹwòran sì san owó wọlé. Bàbá ìbá mọ Nakajima ní ará rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀kú náà ju ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 1954 kan náà, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù olóró kan wò ní erékùṣù Bikini. Eérú rẹ̀ bà lé ọkọ̀ apẹja Jàpáánì kan tí ènìyàn 23 wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì kú ní oṣù Kẹsàn-án. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni Hiroshima àti Nagasaki tíì jóná nígbà náà. Nígbà tí àwọn ará Jàpáánì rí ẹranko tí bọ́ǹbù jí dìde láti inú òkun, tí ó ń sun Tókíò, wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Aṣọ rọ́bà ni, wọ́n mọ̀. Síbẹ̀ àwọn kan sunkún. Ohun tí ó nira láti sọ lójúkojú ni wọ́n gbé ẹ̀kú wọ̀, kí ó lè jáde sí gbangba.

Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà, gbé Aiyé jáde ní fíìmù, Jáíyésimi sì tẹ̀lé e. Àjẹ́ ń di ẹyẹ, babaláwo ń bá wọn jà, ẹni tí ó wà níwájú ń parẹ́ lójijì. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọn yóò rí ibi tí wọ́n ti gé fíìmù tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwọn kan nínú àwa ọ̀mọ̀wé fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní idán ọmọdé ni. Àwọn ará ọjà kò gbọ́ tiwọn. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìbẹ̀rù ọ̀tá ilé àti ìfẹ́ pé kí rere borí ni wọ́n lọ wò. Okùn tí wọ́n fi so ẹyẹ náà kò dí wọn lójú.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí á gba gbogbo àbùkù láyè? Rárá o. Àbùkù ọwọ́ wà, àbùkù inú sì wà. Bí ikùn òjòlá bá sanra jù, bí irun ìnàkí bá ń mì, bí eyín ẹranko bá ń dùn ún ní ọ̀nà tí kò bá òye mu, àbùkù ọwọ́ ni. A lè rẹ́rìn-ín sí i kí á sì gbádùn ìran náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú King Kong ọdún 1933, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ṣe àwọn ará erékùṣù, gẹ́gẹ́ bí òpè tí ń jó níwájú ẹranko, tí wọ́n sì ń jí obìnrin funfun gbé. Àbùkù inú nìyẹn. Ẹ̀rín kò lè wẹ̀ ẹ́ nù. Àwọn apidán Ọ̀yọ́ náà fi òyìnbó ṣe eégún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú òyìnbó náà ni wọ́n ti ṣe é, ní ààfin tí wọ́n ti gbà á lálejò, wọ́n sì ń wò ó bóyá ó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú sinimá ọdún 2024 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹ̀yà tí ó ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹranko náà ni Iwi. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. Mo mọ̀ pé èdè Màórì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àti pé ẹ̀yà tàbí ìran ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwì ni àwa ń pe ewì tí eégún ń ké. Ohùn bàbá ni mo gbọ́ nínú òkùnkùn náà, ìdí sì nìyí tí mo fi kígbe tí ọmọ mi fi wò mí.

Ó ku ohun kan tí n kò tí ì sọ fún un. Bàbá kú ní ọdún 1991. Àpótí kan wà nínú yàrá rẹ̀: òjòlá aláṣọ wà nínú rẹ̀, awọ ẹkùn aláṣọ wà nínú rẹ̀, ojú òyìnbó onímú gígùn pẹ̀lú. Ẹbí jókòó lórí rẹ̀. Gbogbo wa ti di onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé e sí yàrá tirẹ̀. Wọ́n yíjú sí èmi tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n ní kí ni akọ̀wé wí. Mo ní: “Nǹkan ìṣeré lásán ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó parí ìpàdé. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti dáná sun ún, iná náà kò sì pẹ́ rárá.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo jókòó sí ilé ìkàwé, mo ṣí ìwé Clapperton fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì ka òjòlá ẹsẹ̀ bàtà 14 tí ọwọ́ ènìyàn méjèèjì ń ya ẹnu rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ mi méjèèjì sí ẹnu òjòlá yẹn rí, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá ni ó kọ́ mi. Ohun tí ó rìn láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Bẹyẹrunkà láìkú, gbólóhùn mi kan ni ó pa á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù Yorùbá àtijọ́ náà ti sọnù, ìdí tí wọ́n sì fi sọnù kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà: a rí okùn tí wọ́n fi so ẹyẹ, a sì rò pé ìyẹn ti tó láti jù ú nù.

Nítorí náà, ọmọ mi, èsì mi nìyí. Mo rí gbogbo àbùkù tí ìwọ náà rí. Mo pàtẹ́wọ́ nítorí pé mo ti rí wọn tẹ́lẹ̀, lára ẹni tí mo fẹ́ràn.

Nígbà tí mo sọ ìtàn àpótí náà fún un, kò bá mi wí. Ó mú bébà wá, ó ní kí n ya òjòlá náà fún òun kí òun lè rí i. Mo ya orí rẹ̀. Mo ya ẹnu rẹ̀, mo fi ibi tí ọwọ́ ń wọ̀ hàn án. Mo ya ikùn rẹ̀ tí ó sanra jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìrù, mo dúró. Bàbá ní ọgbọ́n kan tí ó fi ń mú ìrù náà mì bí ẹni pé ó ń jẹ̀rora, n kò sì bi í léèrè rí bí ó ṣe ń ṣe é.